Yàrá Tí A Kì Í Ti Í Kúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi bá mi sọ nínú yàrá ìfọ-irin ni "Dìde." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mo ń kí wọn káàárọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá mi lóhùn ni, bí àgbà ṣe máa ń ní kí ọmọ dìde, tí wọ́n á sì fi àdúrà díẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n tọ́ka sí aṣọ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí etí rẹ̀ ti gbálẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bọ́ ọ sílẹ̀, kí n wọ òmíràn. Mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Wọ́n ní kí n lọ bọ́ ìyẹn náà.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìwó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kò sì tíì pẹ́ tí mo parí rẹ̀. Gbogbo irin tí dókítà bá fi la ara ènìyàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó o bọ̀ tí wọ́n bá ṣe tán: abẹ, ẹ̀mú, àlùmọ́gàjí, àti àwọn irin tí ẹnu wọn tẹ̀, tí wọ́n fi ń la ẹnu ọgbẹ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. A ó fọ̀ wọ́n, a ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó dì wọ́n sínú aṣọ, a ó wá kó wọn sínú ẹ̀rọ ńlá kan tí ooru rẹ̀ ń pa gbogbo kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ìkòkò là ń pe ẹ̀rọ náà láàárín ara wa. Bí wọ́n bá ti inú ìkòkò jáde, a ó kó àwọn ẹrù dídì náà lọ sí yàrá kékeré kan tó kángun sí tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí a ń gbà na irin sí àwọn nọ́ọ̀sì. Nínú yàrá kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀gá mi kì í ti í wọ̀.

Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni lójú àwọn ará ilé mi. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Odò-Orí, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà a sì máa bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. N ó ní rárá. Ṣé dókítà ni? Rárá. Kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀? N ó ní mò ń fọ irin. "Háà, Olúwa yóò gbé ọ ga," ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni tó ń kí olófò. Inú mi kì í dùn sí àdúrà yẹn, kí n má purọ́. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún ṣe é fún mi, n ó bi í pé nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, ta ló rò pé ó fọ abẹ náà. Ìyá mi ló máa ń fojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, oníbàárà ni àwọn ń wá.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìfọ̀ ni apá tó rọrùn jù. Ta ni kò mọ irin fọ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi gbígbóná wá, mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ iṣẹ́, mo sì da àwọn àlùmọ́gàjí tó kún fún ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀gá mi dúró, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo yọ irin náà, ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn bí ẹyin ṣe ń gan mọ́ páànù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé omi tútù ló ń kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irin, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́ ṣáájú, n ó gbàgbé. Bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo bínú sí wọn títí di ọ̀sán.

Wọ́n kọ́ mi láti máa la ẹnu àlùmọ́gàjí sílẹ̀ gbàgà kí n tó fọ̀ ọ́, nítorí oríkèé rẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Wọ́n kọ́ mi pé ẹrù tó bá ti inú ìkòkò jáde tí aṣọ rẹ̀ ṣì tutù, a kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ibi tí omi bá gbà wọlé ni kòkòrò náà yóò gbà. Èyí kò yé mi. Lójú tèmi, ohun tó bá tutù, oòrùn ló ń fẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: àgbàdo, èlùbọ́, aṣọ, gbogbo rẹ̀ la ń sá. Mo dábàá pé kí a kó àwọn ẹrù tútù náà síta fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá mi wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Wọ́n ní, "Kí eṣinṣin náà lè bá wa lọ́wọ́ sí iṣẹ́ abẹ." A tú gbogbo rẹ̀, a tún un dì, a tún un sè.

Aṣọ nìkan ni mo ti mọ nǹkan nípa rẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Aṣọ tí a fi ń di irin, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ní ihò, nítorí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó ọ̀nà fún kòkòrò. Ọmọ aláṣọ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń wá àbùkù lára aṣọ, kí ìyá mi má baà tà á fún ẹni tí yóò dá a padà pẹ̀lú èébú. Ọ̀gá mi rí èyí, wọ́n sì fi iṣẹ́ aṣọ yíyẹ̀wò sílẹ̀ fún mi láìsọ̀rọ̀. Inú mi dùn gan-an, mi ò kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni.

Mo fẹ́ràn òwúrọ̀ níbẹ̀. Kí tíátà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́. Ìkòkò a máa mí hẹ̀ẹ̀ bí ó bá ti ń gbóná, òórùn aṣọ gbígbẹ a sì gba gbogbo yàrá. Mo máa ń dúró sídìí tábìlì, n ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní igun-igun, n ó kó irin sí àárín, n ó ṣẹ́ apá kan bò ó, n ó ṣẹ́ apá kejì, títí yóò fi di ẹrù tó dúró dáadáa. Ọkàn mi kì í sáré níbẹ̀. Láyé mi, mi ò tíì rí ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti orúnkún mi.

Orúnkún mi ló ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò kí àgbà lórí ìdúró rí. Bí mo bá gbọ́ ohùn bàbá mi lókèèrè, orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí ojú mi tó rí wọn. Nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ tíátà yìí ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ni ọ̀tá. Ohunkóhun tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìbàdí lọ, a kà á sí ohun tó ti bàjẹ́. Bí ènìyàn bá gbé ẹrù mímọ́ lọ́wọ́, tó sì kúnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ẹrù ọwọ́ rẹ̀ náà ti sún mọ́ ilẹ̀, ó di kí a tú u, kí a tún un fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà kọjá ló sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Bí dókítà àgbà bá kọjá, mo ti ń lọ sílẹ̀. Bí ìyá tó ń gbálẹ̀ bá kọjá, mo ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀gá mi kì í pariwo. Wọ́n á kàn na ọwọ́ gba ẹrù náà, wọ́n á sì gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ ìfọ̀.

Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọkùnrin kan láti Ilé-Ogbó, ó sanra, ó sì lẹ́kọ̀ọ́ débi tí ẹ̀kọ́ náà ń ṣe é léṣe. Lọ́jọ́ kan, dókítà àgbà yọjú láti fèrèsé, ọmọ Ilé-Ogbó sì gbé àtẹ irin kan lọ́wọ́ tí a ti fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí òfin. Mo tún rí i pé ara rẹ̀ kò rántí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun tirin, gbogbo rẹ̀ fọ́n káàkiri ilẹ̀, ẹ̀mú kan sì yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Dókítà àgbà ní, "Káàárọ̀ o," wọ́n sì yára kọjá, torí ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Irin náà ni wọ́n fẹ́ lò fún aboyún kan tó ti dùbúlẹ̀ tán nínú tíátà, a sì dúpẹ́ pé a ní òmíràn nílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọ̀gá mi fà á. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wí pé a ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Gbogbo ìlú ló ń gba ibí kọjá."

Wọ́n ní, "Ta ló ń gba ibí kọjá?"

Mo ní àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn lórí ibùsùn.

"Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn yẹn, ṣé ìkíni rẹ ló bá wá?"

Wọ́n wá rọ ohùn wọn. Wọ́n ní, "Èmi náà ní ìyá. Bí ìyá mi bá yọjú sí fèrèsé yẹn nísinsìnyí, orí ìdúró ni n ó ti kí wọn. Ẹnu la fi ń kíni nínú yàrá yìí. Bí orúnkún bá ń yún ọ, dúró dè mí níta."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Bí iṣẹ́ bá parí, tí a ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ọ̀gá mi a jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Èmi a kúnlẹ̀, ọmọ Ilé-Ogbó a dọ̀bálẹ̀, a ó máa kí wọn káàárọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á gbà á tọkàntọkàn, wọ́n á bèèrè àlàáfíà ilé wa, wọ́n á sì ṣàdúrà fún wa. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá a máa wò wá bí ẹni tí orí wọn kò pé. Díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi kọ́ bí a ṣe ń ní sùúrù.

Ìgbà yẹn ni àìsàn bàbá mi wá hàn sí gbogbo wa. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Abúlé wa wà lọ́nà Kuta, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé jù, ìyá mi ló ń gbé ìlú nítorí ọjà. Ó ti pẹ́ tí ìpá ti wà lára wọn, wọ́n ń fi ṣòkòtò ńlá bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí bàbá tó ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé àpò gbágùúdá sórí ọ̀kadà, ibẹ̀ yọ, ó le gbagidi, kò padà mọ́. Wọ́n wó lulẹ̀, wọ́n ń bì. Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n gbé wọn wá. Dókítà rọra tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọlé padà, ó wá jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ìfun ló ń yọ síta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó padà. Bí ó bá tún há tí kò padà, ìfun náà yóò kú sínú wọn, ó sì lè gbé ẹ̀mí wọn lọ. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà àbáyọ, kí ó má sì pẹ́.

Bàbá mi dúpẹ́ dáadáa lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ṣàdúrà fún un. Wọ́n wá wọ bàtà wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí rí ní ìlú mìíràn, kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa, ó tiẹ̀ ti ń jẹun. Ọgbẹ́ ló kẹ̀. Bàbá mi ló jókòó tì í títí ó fi kú, òórùn ọgbẹ́ náà kò sì kúrò ní imú wọn mọ́. Wọn kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀: "Irin wọn kò mọ́." Mi ò mọ̀ bóyá irin ni, mi ò mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ẹni tí ìfun rẹ̀ há, tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé, tí irin tí a kó sílẹ̀ dè é padà sọ́dọ̀ wa láìlò. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti wọ bàtà wọn lọ, kò sí ẹrù tí n ó dì tí mi ò ní rántí ẹni yẹn.

Nígbà tí mo ní ìsinmi, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé. Mo bá wọn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbà á. Mo ti múra láti bẹ̀ wọ́n, mo tiẹ̀ ti múra láti sunkún bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo ń fọ irin wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi àti àwọn tí a jọ wà níbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí nínú ẹbí wa. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn látorí omi tútù dé orí ìkòkò. Nígbà tí ẹnu ò tó o sọ mọ́, mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu, mo tẹ́ gèlè mi sórí ẹní, mo sì fi hàn wọ́n bí a ṣe ń dì í. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ oko rẹ̀. Nígbà tí mo tú u padà, wọ́n na ìka kan, wọ́n fi kan ẹnu ọ̀bẹ náà.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́, Bàbá."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni."

"Ó ti bàjẹ́ náà ni."

"Ẹyọ ìka kan?"

"Ẹyọ ìka kan, Bàbá."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Bí àlùwàlá ṣe rí náà nìyẹn. Bó bá ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́. Ènìyàn ò lè ní díẹ̀ ló bàjẹ́ níbẹ̀." Inú mi dùn débi pé mo sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ojú wọn yí padà. "Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Mo wo ilẹ̀. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó sì dùn ún pa. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ń bi mí léèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, Bàbá, n ó fi ẹnu kí yín."

"Lórí ìdúró?"

"Lórí ìdúró."

Bàbá mi yìí náà ló lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà láti ẹnu ọ̀nà rí, nítorí pé ó kí wọn pẹ̀lú fóònù létí. Mo bú ara mi nínú. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, wọ́n ní, "N ó wá. Ṣùgbọ́n má lọ sọ fún wọn pé mo ti gbà o. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó sì máa bọ̀ wálé." Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní kí n má tún bá Bàbá sọ nǹkan kan mọ́, kí n má lọ ba ìyókù jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo sọ fún ọ̀gá mi pé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní rárá. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ àwọn yóò dúró tì mí, torí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. Ẹrù tí wọ́n fẹ́ lò náà, èmi ni mo fọ irin rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọ̀gá mi sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo gbé aṣọ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó gbẹ dáadáa, téèpù tí a fi dè é sì ti yọ ìlà dúdú tó ń fi hàn pé ooru ti dé ara rẹ̀. Mo gbé e sí apá mi méjèèjì, mo dúró sẹ́nu fèrèsé.

Mo gbọ́ táyà ibùsùn kí n tó rí wọn. Wọ́n ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún bàbá mi, fìlà kò sí lórí wọn. Mi ò rí orí bàbá mi láìní fìlà níta rí. Wọ́n kéré lójú mi, àánú wọn sì ṣe mí gidigidi. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé ibùsùn na ọwọ́ láti gba ẹrù. Bàbá mi ní, "Ẹ dúró ná."

Wọ́n fi ìgúnpá gbé ara wọn sókè. Ẹsẹ̀ kan ti jáde lábẹ́ aṣọ, ó ń wá ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń ti ibùsùn náà mọ̀ pé bàbá mi ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí bàbá yín dáadáa, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Bàbá mi yí ojú sí mi, wọ́n sì pe oríkì mi. Láyé yìí, àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà tí wọ́n pè é rí tí mi ò bá ara mi nílẹ̀. Orúnkún mi tẹ̀ díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí wọn. Mo rò ó pé bí mo bá kúnlẹ̀, bóyá wọn yóò gbà láti wọlé. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, bóyá wọn yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò wọ bàtà wọn, wọn yóò sì lọ kú sílé. Mo tiẹ̀ rò ó pé a ní ẹrù mìíràn nílẹ̀, a lè fi rọ́pò èyí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fọ̀ fún wọn. Òun nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ lé lórí pé kò ní pa wọ́n.

Mo dúró. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Bàbá mi wo orúnkún mi. Wọ́n wo ẹrù ọwọ́ mi, wọ́n tún wo ojú mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn padà sórí ibùsùn, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n sì sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó máa tì wọ́n lọ.

Mo na ẹrù sí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ilẹ̀kùn tíátà pa dé, mo sunkún sínú ìbòmú mi, mi ò sì lè fi ọwọ́ nu ojú, torí àwọn ẹrù mìíràn ṣì wà tí a ó kó. Ọ̀gá mi ní kí n jáde, kí n lọ bọ́ ojú mi, àwọn yóò bá mi ṣe ìyókù. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo bà á jẹ́ nìyẹn.

Ọgbẹ́ náà kò kẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, bàbá mi ní kí ó gbé e wá, wọ́n gbé e sí imú wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nọ́ọ̀sì náà ò mọ ibi tí yóò wò. Wọ́n dá a padà, wọ́n fa aṣọ bora, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu fèrèsé. Wọn ò gbọ́ ọ parí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ bá àwọn wá omi tútù. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, èmi àti ìyá mi lọ kí wọn ní abúlé. Ara wọn ti le, wọ́n ti ń lọ sóko jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà díẹ̀ bá wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo gbé omi wá, mo kúnlẹ̀ fún wọn níkọ̀ọ̀kan, mo sì wọlé lọ sí ìdí àdògán láti lọ bá ìyá mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Ṣé ẹ rí ọmọ tó gbé omi wá yẹn? Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ là mí, mo pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Ó dúró gbọn-in. Ó wò mí lójú, ó ní ẹ káàárọ̀."

"Lórí ìdúró?"

"Lórí ìdúró. Kò kúnlẹ̀ rárá."

Gbogbo wọn pariwo. Ọ̀kan ní ayé ti bàjẹ́ pátápátá. Òmíràn ní, "Irú ọmọ wo nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni," ni bàbá mi wí, wọ́n sì wí i sókè débi tí ó fi dé ìdí àdògán.